Oríkì Lọ́tọ̀, Òǹkà Lọ́tọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ìwé Ẹ̀dá fún Géèmù Tí Ẹ Ń Gbá

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí ní ìbéèrè yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, yálà ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń bá wa ṣáàjì fóònù tàbí lórí WhatsApp: “Bọ̀dá, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹranko yìí ló ń sọ pé ó le. Kí ló dé tó fi ń kú bí adìyẹ?” Ẹlòmíràn á gba ọ̀nà kejì yọ: “Òǹkà rẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ kò já mọ́ nǹkan kan lójú ìjà.” Ìbéèrè kan náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ gbára lé ọ̀rọ̀ láìwo iye, ẹnì kejì gbára lé iye láìka ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Pokémon, géèmù tí a ti ń mú ẹ̀dá tí a sì ń fi wọ́n bá ara wọn jà, àti Minecraft, géèmù tí a ti ń kọ́lé tí ẹ̀dá sì lè kọlù wá, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí àwọn ni ẹ̀ ń béèrè nípa wọn jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà bá géèmù yòówù tó ní ẹ̀dá nínú mu.

## Ohun méjì tí ẹ ó yà sọ́tọ̀

Ọdẹ tó ń sun ìjálá á pe erin ní ajànàkú, a-mi-igbó-kìjikìji. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ẹran yìí kì í ṣe èyí tí à ń dúró dè lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n oríkì náà kò sọ iye ọta tó máa gbé e lulẹ̀, kò sì sọ bó ṣe ń sáré tó. Iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àpèjúwe ẹ̀dá inú géèmù ní oríkì rẹ̀, tí mo sì ń pe iye rẹ̀ ní òǹkà rẹ̀.

- Oríkì: ìrísí rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ń gbé, ìwà rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó máa ń ṣe kó tó kọlù yín.
- Òǹkà: ẹ̀mí rẹ̀, agbára ìkọlù, ààbò, eré sísá, ìwọ̀n, gíga, iye ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn tó ń ra obì ní Sábọ̀, Ṣàgámù, mọ ọgbọ́n yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Wọ́n á ka obì inú apẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣí ewé rẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó, torí pé iye kò lè sọ fún wọn bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

## Ẹ pèsè àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀

- ☐ Ìwé ìkọ̀wé kan. Èyí tí ọmọ ń lò nílé ìwé ti tó.
- ☐ Rúlà, àti bíró aláwọ̀ méjì.
- ☐ Géèmù náà gan-an, kì í ṣe fídíò ẹni tó ń gbá a.
- ☐ Dátà díẹ̀, láti wá òǹkà tí géèmù kò bá fi hàn.
- ☐ Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún. Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

## Ìgbésẹ̀ láti ìkíní dé ìkeje

1. Ẹ kọ orúkọ géèmù àti ẹ̀dà rẹ̀ sí òkè ojú ewé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ààbò Pikachu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá Pokémon, jẹ́ 30 nínú àwọn géèmù Pokémon àtijọ́. Láti ìgbà tí Pokémon X àti Pokémon Y ti jáde ní 2013, ó ti di 40. Wither, ẹ̀dá ńlá kan nínú Minecraft, ní ẹ̀mí 300 lórí Java, èyí tí à ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí Bedrock, èyí tó wà lórí fóònù yín, ó lè tó 600 bí ẹ bá yan ìpele ìṣòro tó le jù. Òǹkà tí kò ní orúkọ ẹ̀dà lára dà bí iye owó ọjà tí kò ní déètì: ẹ ò mọ̀ bóyá ti èṣí ni.

2. Ẹ fi rúlà pín ojú ewé sí méjì. Oríkì lápá òsì, òǹkà lápá ọ̀tún, àwọ̀ bíró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3. Oríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ojú ara yín sì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ wo ẹ̀dá náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láìkọlù ú. Gbólóhùn tó ní ìṣe nínú ni kí ẹ kọ: “bí mo bá sún mọ́ ọn, ó máa ń ṣe báyìí.” Ẹ má kọ “ó lágbára”, ẹ má kọ “ó burú”. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí ìjà bá dé.

Ẹ wo Creeper inú Minecraft. Ẹni tó kọ “ẹranko aláwọ̀ ewé tó burú” kò tíì kọ nǹkan kan. Èyí tó wúlò ni: “Kì í pariwo bó ṣe ń bọ̀. Bó bá sún mọ́ mi tán, ó máa ń dún ṣííí, ara rẹ̀ á máa wú, lẹ́yìn náà ló máa bú gbàù. Bí mo bá tètè sá, ó máa ń dákẹ́. Bí ó bá rí ológbò, ó máa ń sá.” Gbólóhùn mẹ́rin yìí ti gba ilé tí mo kọ́ sínú géèmù là ju idà kankan lọ.

4. Ẹ wá kọ òǹkà, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Nínú Minecraft, ọkàn kan tí ẹ rí lójú fóònù dúró fún ẹ̀mí 2. Bí ẹ bá kọ “10” láìsọ pé ọkàn ni, ẹni tó bá ka ìwé yín á rò pé ẹ̀mí 10 ni, nígbà tó jẹ́ 20.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú pẹ̀lú 20 yẹn. Zombie ní ẹ̀mí 20. Skeleton ní 20. Creeper ní 20. Bí òǹkà ẹ̀mí nìkan ni ẹ kọ, ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń fi ọwọ́ lu yín, ọ̀kan ń ta ọfà láti òkèèrè, ìkẹta ń bú gbàù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ẹni tó bá dúró de Creeper bó ṣe ń dúró de Zombie á kàn rí i pé ilé òun ti di kòtò.

5. Ẹ wá àwọn nọ́ńbà tó jẹ́ pé oríkì ni wọ́n, kí ẹ gbé wọn lọ sí apá òsì. Èyí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Pokédex, ìwé ẹ̀dá tó wà nínú Pokémon, sọ pé ooru ara Magcargo tó nǹkan bí 10,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú oòrùn gan-an kò ju bí 5,500 lọ! Síbẹ̀, ìkọlù olómi ń dun Magcargo ní ìlọ́po 4, torí pé iná àti òkúta ni ẹ̀yà rẹ̀. 10,000 yẹn kò wọ inú ìṣirò ìjà rárá. Ẹwà ọ̀rọ̀ ni, bíi “a-mi-igbó-kìjikìji”.

Wailord náà ńkọ́? Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 14.5, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 398. Ẹ fi ojú inú wo ẹja tó gùn ju bọ́ọ̀sì ńlá lọ tí kò wúwo tó màlúù kan tó sanra dáadáa. Ẹ má wá ọgbọ́n nínú rẹ̀, ìtàn ni.

*Ìkìlọ̀:* ẹ má sọ gbogbo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nù. Ìwọ̀n Wailord dà bí ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìkọlù tí wọ́n ń pè ní Grass Knot ń wo ìwọ̀n ẹni tí wọ́n fẹ́ lù: ẹni tó bá tó kílò 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára 120 ni yóò bá a, ẹni tí kò tó kílò 10, bíi Pikachu tó jẹ́ kílò 6, agbára 20 péré ni. Nítorí náà, ẹ fi ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tí kò dá yín lójú, ẹ padà wá wò ó.

6. Ẹ wá ìwà tó lè pa òǹkà rẹ́. Slaking, ẹ̀dá Pokémon kan, ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Àpapọ̀ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 670, ti Charizard, ẹ̀dá Pokémon mìíràn, jẹ́ 534. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á sáré mú Slaking. Ṣùgbọ́n ìwà àbínibí rẹ̀ ni ọ̀lẹ: bó bá ṣe nǹkan kan nígbà tó kàn án, ó máa fi ìgbà tó tẹ̀ lé e sinmi kó tó tún ṣe òmíràn. Ìlàjì ìjà ló fi ń jókòó.

Shedinja gba ọ̀nà kejì. Ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 1, kì í sì í kúrò lórí 1 bó ti wù kó dàgbà tó. Ṣùgbọ́n ìkọlù kankan kì í ràn án àfi èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀tá pọ́ńbélé fún un. Ẹni tó bá ka 1 yẹn tó fi rẹ́rìn-ín lè lù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Irú ìwà báyìí, ẹ kọ ọ́ sórí ìlà àárín gbùngbùn, kó kan apá méjèèjì.

7. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ sévù géèmù kọ́kọ́. Bó bá jẹ́ Minecraft ni, ẹ ṣí ayé mìíràn fún ìdánwò. Ẹ má lọ fi ilé tí ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ́ dán Wither wò. Mo ti rí ẹni tó sunkún.

## Àpẹẹrẹ kan tí mo ṣe tán pátá: Pikachu àti Gyarados

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní SS2 ló gbé èyí wá. Pikachu ni tirẹ̀, Gyarados ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìpele 50 ni àwọn méjèèjì wà. Wọ́n ti sọ fún un pé mọ̀nàmọ́ná ni ikú Gyarados. Ó fi Thunderbolt, ìkọlù mọ̀nàmọ́ná kan, lù ú, Gyarados mì, kò ṣubú. Ìgbà tó kan Gyarados, ìkọlù kan ṣoṣo, Pikachu ti lọ. Ó ní géèmù ń rẹ́ òun jẹ. A jókòó sórí àga ìta, a ṣí ìwé.

Apá òsì. Pikachu: ẹ̀yà mọ̀nàmọ́ná. Gyarados: ẹ̀yà omi àti ẹ̀yà ẹyẹ. Mọ̀nàmọ́ná ń dun omi ní ìlọ́po 2, ó ń dun ẹyẹ ní ìlọ́po 2, nítorí náà ìlọ́po 4 ni fún Gyarados. Títí débí, ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ yẹn kì í ṣe irọ́.

Apá ọ̀tún, òǹkà ìpìlẹ̀ wọn:

- Pikachu: ẹ̀mí 35, ìkọlù 55, ààbò 40, ìkọlù àkànṣe 50, ààbò àkànṣe 50, eré 90. Àpapọ̀ 320.
- Gyarados: ẹ̀mí 95, ìkọlù 125, ààbò 79, ìkọlù àkànṣe 60, ààbò àkànṣe 100, eré 81. Àpapọ̀ 540.

Òǹkà ìpìlẹ̀ kọ́ ni ẹ óò rí lójú ìjà. Ìpele ló ń sọ ọ́ di òǹkà tòótọ́. Láti mú kó rọrùn, a fún àwọn méjèèjì ní IV (òǹkà àbínibí ẹ̀dá) 31, a kò fún wọn ní EV (òǹkà tí ẹ̀dá ń rí kún tirẹ̀ nínú ìjà) kankan, a sì yan ìṣesí tí kò fi kún ohunkóhun. Ní ìpele 50:

- Ẹ̀mí: ẹ sọ òǹkà ìpìlẹ̀ di ìlọ́po 2, ẹ fi 31 kún un, ẹ pín in sí méjì, ẹ ju ìdajì tó ṣẹ́kù nù, ẹ fi 60 kún un. Ti Gyarados: 95 di 190, ó di 221, ó di 110, ó wá di 170. Ti Pikachu di 110.
- Àwọn yòókù: bákan náà, àmọ́ 5 ni ẹ óò fi kún un nígbẹ̀yìn dípò 60. Ìkọlù àkànṣe Pikachu di 70, ààbò àkànṣe Gyarados di 120. Eré Pikachu di 110, ti Gyarados 101, nítorí náà Pikachu ló ń kọ́kọ́ lù.

Agbára Thunderbolt jẹ́ 90. Nígbà tí a ṣe ìṣirò géèmù náà tán, tí a fi ìlọ́po 4 sí i, ohun tí Gyarados pàdánù jẹ́ láàárín 124 sí 148, láìka ìkọlù olóríire tó máa ń bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 170. Ó ṣẹ́ kù 22, ó kéré tán. Gyarados wá fi Waterfall, ìkọlù omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ 80, dá a padà: 109 sí 130, lára ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 110.

Ọmọ náà wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, “Bọ̀dá, ìyẹn ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi, àmọ́ kò tó.” Bẹ́ẹ̀ ni. “Mọ̀nàmọ́ná ń dùn ún gan-an” kì í ṣe “mọ̀nàmọ́ná ń pa á lẹ́ẹ̀kan”.

Ibẹ̀ la ti wá rí ojútùú. Ohun kan wà tí Pikachu lè dì mú tí wọ́n ń pè ní Light Ball. Àpèjúwe rẹ̀ kàn sọ pé ó ń fi kún ìkọlù Pikachu, kò sọ iye. Òǹkà rẹ̀, tí ẹ ní láti wá fúnra yín, ni ìlọ́po 2. 70 wá di 140, Thunderbolt yẹn kan náà sì di 240 ó kéré tán. Gyarados kò ní rí àyè mí. Ọmọ náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- Kíka àpapọ̀ nìkan. 540 lójú 320 kò sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lù. Eré ló sọ ọ́.
- Gbígbé òǹkà láti géèmù kan sí òmíràn. IV nínú Pokémon GO kì í kọjá 15. Nínú àwọn géèmù ńlá, 31 ni òpin rẹ̀. 15 níbì kan jẹ́ pípé, níbòmíràn kò tó ìdajì.
- Dída òǹkà ìpìlẹ̀ pọ̀ mọ́ òǹkà tòótọ́. Ẹ kọ ìpele sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.
- Kíkọ ohun tí ẹ kò rí. Wọ́n ní Warden inú Minecraft ní ẹ̀mí 500, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò ríran: ìró ẹsẹ̀ yín ló ń tẹ̀lé, òórùn yín náà ló ń gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rìn. Ẹni tó kọ 500 tí kò kọ “afọ́jú” á máa kó idà jọ nígbà tó yẹ kó máa yọ́ lọ.

## Bí géèmù náà kò bá fi òǹkà hàn ńkọ́?

Àwọn géèmù kan mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Nínú Monster Hunter: World, tó jáde ní 2018, ẹ óò rí iye tí ìlù yín gbà lára ẹran náà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí iye ẹ̀mí tó ṣẹ́ kù fún un. Oríkì ni kí ẹ gbára lé níbẹ̀: bó bá ti ń tiro, tó ń forí lé ihò rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ti ń tán lọ, ẹ gbé pàkúté yín jáde.

Ẹ sì tún lè ka iye ìgbà tí ẹ lu ẹ̀dá kan kó tó kú:

1. Ẹ lo ohun ìjà kan ṣoṣo tí ẹ mọ agbára rẹ̀. Idà irin lórí Minecraft Java jẹ́ 6.
2. Ẹ jẹ́ kí idà náà gbáradì tán kí ẹ tó tún lù. Ìlù tí ẹ fi ìkánjú lù kì í gba iye rẹ̀ pé.
3. Ẹ ka iye ìlù tó pa á. Bí Creeper bá kú ní ìlù kẹrin, ẹ̀mí rẹ̀ ju 18 lọ, kò sì ju 24 lọ.
4. Ẹ kọ “19 sí 24”. Ẹ má kọ “24”. Ibi tí ìmọ̀ yín dé ni kí ẹ kọ.

## Fún ẹ̀yin tó ń ṣe géèmù tiyín

Ọ̀dọ́kùnrin kan ń yàwòrán géèmù ẹlẹ́ṣin, ó mú un láti ara Òjúde Ọba, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá síwájú Awùjalẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ rẹwà. Oríkì tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: “Ẹṣin tó yára jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú, tó ń jó sí ìlù.” Mo wo òǹkà: eré 40. Ẹṣin méjì míràn nínú géèmù kan náà ní 60. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti di irọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbá a.

Ó ní kí òun gbé e sí 70. Mo ní kó dúró ná, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ kí ẹṣin náà jẹ́. Ijó ló wù ú, kì í ṣe eré. A fi eré sílẹ̀ ní 40, a pa “tó yára jù” rẹ́, a sì fún ijó náà ní òǹkà tirẹ̀: bí ìlù bá dún, ẹṣin náà á jó fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí kò ní lè kọlù ú títí ijó náà yóò fi parí.

Ọ̀nà yìí náà ni kí ẹ gbà:

- ☐ Gbogbo ìṣe tó wà nínú oríkì gbọ́dọ̀ ní òǹkà kan tó gbé e dúró, tàbí kí ẹ kọ “ọ̀ṣọ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
- ☐ “Jù lọ” kankan kò gbọdọ̀ wà nínú oríkì bí ẹ̀dá mìíràn bá ní òǹkà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- ☐ Bí ẹ bá yí òǹkà padà lọ́sàn-án, ẹ ka oríkì rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó sùn, kí ẹ pa gbólóhùn tí kò jóòótọ́ mọ́ rẹ́.